Aṣọ Ilé-Ìwé Tí A Rán Sílẹ̀ De Ìdánwò

Ẹ súnmọ́ bí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, kó máa ṣe é lọ, etí kì í dí ọwọ́ lọ́wọ́. Ẹni tí kò sì ní nǹkan ṣe, kó wá ibi tó tẹ́jú jókòó sí. Ìtàn kan wà lẹ́nu mi lónìí tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Kò gùn, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ó yẹ ní gbígbọ́. Ẹ ti gbọ́ ti Ọmọ́yẹ, tí aṣọ kò bá mọ́, nítorí pé ó ti rìnhòhò wọjà kí wọ́n tó gbé e dé. Ti Ọmọ́yẹ, aṣọ ló pẹ́. Ti ọmọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, aṣọ ló yá jù.

Obìnrin kan wà, aránṣọ ni. Kì í ṣe aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá tí dígí yí ká o. Yàrá iwájú nínú ilé tí wọ́n háyà ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tábìlì tó fi ń gé aṣọ wà láàárín, pẹpẹ tó to òwú sí wà lókè, àwẹ́ aṣọ sì kún ilẹ̀ débi pé ẹni tó bá wọlé á kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ rí kó tó tẹ̀ ẹ́. Ọkọ rẹ̀, jórinjórin ni, ẹni tó ń fi iná so irin mọ́ irin. Àwọn aládùúgbò a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìsomọ́ra niṣẹ́ tọkọtaya yìí, bí ohunkóhun bá já nínú ilé wọn, a jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló fẹ́ kó já.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Ọmọbìnrin ni, ó tín-ín-rín, ó gùn, ojú rẹ̀ sì mú. Abẹ́rẹ́ ni ìyá rẹ̀ ń pè é, gbogbo àdúgbò sì gba orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọmọ yìí mà tín-ín-rín jù, aránṣọ kò ní gbójú sókè lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Á ní, "Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ." Ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo nígbà tí iṣẹ́ tuntun yọ fún jórinjórin ní ìlú mìíràn, ìlú ńlá kan létí omi, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Iṣẹ́ tí ènìyàn ò gbọdọ̀ jẹ́ kó bọ́ ni. Wọ́n ní kí òun àti ìyàwó rẹ̀ máa bọ̀, ilé wà nílẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ọdún yẹn gan-an ni Abẹ́rẹ́ ń parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ilé-ìwé girama kan wà ní ìlú náà tí òkìkí rẹ̀ kàn. Kì í gba ọmọ gbogbo. Ìdánwò ni wọ́n fi ń ṣà wọ́n bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún. Ilé-ìwé tó kù lágbègbè ibẹ̀, ẹni tó bá mẹ́nu bà á á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀.

Jórinjórin ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó ti ṣe olùkọ́ títí tó fi fẹ̀yìntì. Tíṣà Àgbà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Òun ló tọ́ àbúrò rẹ̀ dàgbà lẹ́yìn tí àwọn òbí wọn kú, òun ló mú un lọ síbi tó ti kọ́ṣẹ́. Nítorí náà, létí jórinjórin, ohun tí Tíṣà Àgbà bá sọ kì í ṣe ìmọ̀ràn, òfin ni. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlú tuntun náà, ó wá, ó ti agboòrùn rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó jókòó sórí àga oníbàárà.

Ó ní, "Bí ọmọ yìí bá yege, ẹ mú un lọ. Bí kò bá yege, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Mi ò lè máa wò kí ẹ gbé ọmọ tó lórí pípé lọ síbi tí olùkọ́ ti ń sùn."

Aránṣọ ní, "Ẹ̀gbọ́n, títí dìgbà wo, mà?"

"Títí á fi parí girama ni. Ṣé ọmọ kì í gbé ọ̀dọ̀ ẹbí ni? Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Ta ló tọ́ ọ?"

Aránṣọ wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, níbi tí iná ti ta sí.

Ó ní, "Ohun tí ẹ bá ti sọ náà ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Abẹ́rẹ́ wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, gbogbo rẹ̀ ló gbọ́. Ó ṣáà ti mọ̀ láti ọjọ́ náà lọ pé ìdánwò yìí kì í ṣe ti ìwé nìkan. Bí òun bá yege, òun á máa sùn ní ilé tí ẹ̀rọ ìyá òun ti ń dún. Bí òun ò bá yege, ó dìgbà tí wọ́n bá ń gba ìsinmi.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sán gbogbo, Tíṣà Àgbà á dé tòun ti agboòrùn àti rúlà onígi. Ẹ má rò pé ó burú o. Kì í na ọmọ. Tábìlì ló ń fi rúlà lù, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ẹni tó ń ṣàìsàn. Ó fẹ́ràn ìwé, ó fẹ́ràn ọmọ náà, ó sì gbà pé kò sí ohun tí ìjókòó tó dára kò lè wò sàn.

Ní ọjọ́ kan, ó pe aránṣọ, ó ní, "Ìyàwó mi, ẹni tó bá fẹ́ jókòó sípò, kó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó síbẹ̀. Rán aṣọ ilé-ìwé yẹn fún un báyìí. Kó máa wọ̀ ọ́ kàwé. Ara rẹ̀ á ti mọ̀ pé ọmọ ibẹ̀ ni òun kó tó débẹ̀."

Èyí kò tọ́ lójú aránṣọ. Níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, a kì í rí ọmọ nínú oyún ká sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ta ni ìyàwó tí á wo ojú ẹ̀gbọ́n ọkọ kó ní "rárá, mà"? Ó ra aṣọ aláwọ̀ ewé tí ọmọ ilé-ìwé náà ń wọ̀, ó ra funfun tí wọ́n fi ń ṣe ọrùn rẹ̀, ó gé e. Nígbà tó kù kó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ló bá dá ọgbọ́n kan.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe aránṣọ, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Kí a tó fi ẹ̀rọ rán aṣọ, a kọ́kọ́ ń fi ọwọ́ kàn án mọ́ra, ìgún abẹ́rẹ́ kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún, pẹ̀lú òwú funfun tín-ín-rín, kí ẹni tó ni ín lè gbé e wọ̀ wò. Tákìn ni wọ́n ń pè é. Òwú tákìn kò ní agbára kankan. Bí ènìyàn bá sín nínú rẹ̀, ó lè já. Tákìn yìí nìkan ni aránṣọ ṣe sí aṣọ ọmọ rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ó ti tẹ́ ayé àti ẹ̀gbọ́n ọkọ lọ́rùn: Tíṣà Àgbà rí aṣọ, ayé ò sì lè ní òun ti rán an.

Ó wọ̀ ọ́ fún ọmọ náà. Ó ní, "Rọra o, Abẹ́rẹ́ mi. Tákìn ni. Má na apá jù, má gbé ọwọ́ sókè. Bí o bá fà á, á já."

Tíṣà Àgbà náà fi tirẹ̀ kún un. Ó ní, "Kí ó má já o. Aṣọ àwọ̀dánwò tó já lára ọmọ kó tó dé ilé-ìwé, àmì wo nìyẹn?"

Ó kàn sọ ọ́ bí àgbàlagbà ṣe ń sọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí àgbà bá jù sílẹ̀, ọmọdé ló ń ṣà á jẹ. Láti ọjọ́ yẹn, bí Abẹ́rẹ́ bá ti gbé aṣọ náà wọ̀, á lẹ ìgbúnwọ́ méjèèjì mọ́ ẹ̀gbẹ́, á na ẹ̀yìn bí pátákó, ìka rẹ̀ nìkan ni á máa rìn lórí ìwé. Bí ó bá kọ̀wé dé ìparí ìlà, kò ní na ọwọ́. Á fi ọwọ́ kejì fa ìwé náà súnmọ́ ara rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fa ọmọ tuntun.

Tíṣà Àgbà á ní, "Ẹ wo bó ṣe jókòó. Ọmọ tó máa wọ ibẹ̀ nìyí."

Obìnrin kan ń ta bọ́tìnnì àti òwú lẹ́nu ọ̀nà wọn. Oníbọ́tìnnì ni wọ́n ń pè é, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó yọjú wọlé lọ́jọ́ kan, ó rí Abẹ́rẹ́ lórí àga.

Ó ní, "Ìyá Abẹ́rẹ́, ṣé ọmọ nìyí ni àbí ère tí wọ́n fi ń pàtẹ aṣọ? Ẹ sọ fún un kó ṣẹ́jú, kí ọkàn mi balẹ̀."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ló padà wá ń ta á bí ẹ̀gún.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni aránṣọ béèrè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò falẹ̀ jù, mà?"

Tíṣà Àgbà ní, "Ọmọ tó ń ronú ni. Ìwé kì í ṣe eré sísá." Òun kì í gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ náà títí á fi parí. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é láyé tiwọn. Nígbà tí ọmọ bá sì parí, kì í sí àṣìṣe kan. Kí ni ènìyàn tún fẹ́ wá?

Ọjọ́ ìdánwò pé. Jórinjórin mú ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ. Ẹ̀wù ilé ni Abẹ́rẹ́ wọ̀, nítorí aṣọ aláwọ̀ ewé kò tọ́ sí ẹni tí wọn kò tíì gbà. Nígbà tí wọ́n padà dé, ìyá rẹ̀ pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Báwo ni?"

"Ó dáa, mà."

"Ṣé ó le?"

"Kò le rárá, mà."

Òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Aránṣọ dúpẹ́, ó sì ń kọrin lẹ́nu iṣẹ́ títí ọ̀sẹ̀ náà fi parí.

Ara ògiri ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé ni wọ́n lẹ orúkọ mọ́. Jórinjórin lọ wò ó nígbà tó lọ wo ilé tí wọ́n máa gbé. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún kà á láti ìsàlẹ̀ wá sókè, bóyá orúkọ á tijú kó yọ. Kò yọ. Olùkọ́ obìnrin kan tó ń ti ilẹ̀kùn rí i bó ṣe dúró, ó béèrè orúkọ ọmọ, ó sì rántí rẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ yín mọ̀wé, sà. Gbogbo ohun tó kọ ló tọ̀nà. Ohun tí kò kọ ló pọ̀ jù. Àkókò pé, kò tíì dé ìdajì."

Jórinjórin gbé ọ̀rọ̀ yìí délé bí ẹni gbé òkúta. Ó bi ọmọ rẹ̀ pé, "Kí lò ń wò tí o kò kọ ọ́?" Ọmọ náà wolẹ̀. Ó ní òun ń kọ ọ́. Ó ní òun ò dúró. Bàbá rẹ̀ ní, "Ọ̀lẹ ni ọ́, o kàn ń jókòó bí ọba ni." Tíṣà Àgbà ní kò burú, ẹ̀rù ló bà á, lọ́dọ̀ òun ẹ̀rù á kúrò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ránṣẹ́ pé òun ti tẹ́ ibùsùn sí yàrá ẹ̀yìn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Aránṣọ ń di ẹrù ọmọ rẹ̀ lọ́tọ̀, ó ń tú u, ó tún ń dì í. Bí ó ti ń kó òwú inú pẹpẹ, ó pe Abẹ́rẹ́, ó ní, "Bá mi mú òwú dúdú yẹn lókè."

Òwú náà kò ga. Bí ọmọ náà bá na ọwọ́, á tó o. Ṣùgbọ́n Abẹ́rẹ́ fa àpótí, ó gùn ún, ó gbé gbogbo ara rẹ̀ sókè títí òwú fi wà níwájú àyà rẹ̀, ó wá fi ìka méjì mú un. Ìgbúnwọ́ rẹ̀ kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀wù ilé ló sì wà lọ́rùn rẹ̀ o, ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ tí ènìyàn méjì lè wọ̀.

Aránṣọ gbé òwú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Abẹ́rẹ́, na ọwọ́ rẹ."

Ọmọ náà ní, "Á já, mà."

"Kí ni á já?"

Ọmọ náà wo apá ara rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀. Aránṣọ jókòó sórí àkísà ilẹ̀. Ó rí i nígbà náà, gbogbo rẹ̀, bí ẹni rí ojú òwú tó bọ́: gbọ̀ngàn ìdánwò, ọmọ òun láàárín àwọn ọmọ tó ń kọ̀wé tó ń yí ojú ìwé, òun nìkan tó na ẹ̀yìn bí pátákó, tó ń fa ìwé súnmọ́ra díẹ̀díẹ̀, kí òwú tí kò sí lára rẹ̀ má bàa já.

Kò dúró kó wọ bàtà. Ó gba ibi iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ lọ. Jórinjórin bọ́ awò dúdú lójú, ó gbọ́ ọ tán.

Ó ní, "Aṣọ? Ìyá Abẹ́rẹ́, aṣọ ló wọ gbọ̀ngàn lọ ṣe ìdánwò?"

"Aṣọ ni kò jẹ́ kó ṣe é."

"Kí ni kí n wá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi? Kí n ní òwú ló fà á?"

"Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí."

"Ẹni tó gbé mi sẹ́yìn láti kékeré." Ó tún gbé awò náà sójú. "Ọ̀rọ̀ tí a bá ti bá àgbà sọ, ó ti di sísọ. Ìdánwò kò sì tún sí títí ọdún yóò fi yí."

Iná tún bẹ̀rẹ̀ sí í tan lára irin. Aránṣọ padà sílé. Ó mú aṣọ aláwọ̀ ewé sílẹ̀ lára ìṣó, ó ní kí ọmọ rẹ̀ wọ̀ ọ́.

Ó ní, "Gbé ọwọ́ rẹ méjèèjì sókè."

Abẹ́rẹ́ ní, "Mà, bó bá já, mi ò ní padà sọ́dọ̀ yín mọ́ nìyẹn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àmì ni."

Aránṣọ kúnlẹ̀ síwájú ọmọ náà, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó rọra ń gbé e sókè. Abíyá aṣọ fọhùn, prrr, bí ẹyẹ tó fò. Ọmọ náà di ojú. Apá kejì náà já. Ẹ̀yìn já. Ọrùn funfun bọ́ sílẹ̀. Nígbà tó lajú, aṣọ ti di àwẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì ń sunkún láìpariwo, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè, nítorí pé ìyá rẹ̀ kò tíì fi í sílẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ní, "Aṣọ ló já. Ìwọ ò já."

Ọjọ́ tí wọ́n máa kó lọ dé. Ọkọ̀ akẹ́rù dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kó tábìlì, wọ́n kó ìkòkò. Ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ló kù nílẹ̀, orí rẹ̀ wà nínú aṣọ aláwọ̀ ewé kí eruku má bàa wọ̀ ọ́. Aránṣọ dúró tì í. Tíṣà Àgbà dé tòun ti agboòrùn, ó wá mú ọmọ.

Aránṣọ kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, lójú gbogbo èrò tó wá kí wọn pé ó dàbọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò fojú di yín o. Òwú ni mo fi so ọmọ mi. Ìjókòó tí ẹ ń yìn yẹn, ìbẹ̀rù ni. Ìdí tí kò fi parí ìwé rẹ̀ nìyẹn."

Tíṣà Àgbà wo aṣọ tó bo ẹ̀rọ náà. Ó mọ̀ ọ́n.

Ó ní, "Ohun tí ò ń sọ ni pé èmi ni mo ba ọmọ rẹ jẹ́."

"Èmi àti ẹ̀yin ni, mà."

Tíṣà Àgbà yíjú sí àbúrò rẹ̀. "O gbọ́ ìyàwó rẹ?"

Awakọ̀ ló sọ̀rọ̀ láti inú ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ yẹn ń lọ ni àbí kò lọ? Bí ẹ bá fẹ́ jà, ẹ yára jà á tán kí oòrùn tó mú."

Aránṣọ ní, "Ibi tí ọmọ mi bá sùn lónìí ni ẹ̀rọ náà máa sùn. Bí ó bá jẹ́ ibí, ibí náà ni. Bàbá Abẹ́rẹ́, ẹ máa lọ, mi ò bínú."

Jórinjórin wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó gbé e sẹ́yìn. Ó wo ìyàwó rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Ó wá wo ọmọ rẹ̀ tó lẹ ọwọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ lẹ́bàá ògiri, bí ẹni pé bí òun bá mira, nǹkan á bàjẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tó rí i nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbá ẹ̀rọ náà mọ́ àyà, ó gbé e sínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Ó ní, "Abẹ́rẹ́, gòkè."

Ó wá dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó pẹ́ nílẹ̀. Tíṣà Àgbà kò ní kó dìde, kò ṣàdúrà fún ọ̀nà wọn. Ó ṣí agboòrùn rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn kò tíì mú, ó yíjú, ó ń lọ. Jórinjórin ń wo agboòrùn náà títí ó fi yà sí kọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ kò sì dà bí ojú ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ tó dára.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lọ, sí ìlú tí ilé-ìwé rere ibẹ̀ kò gba ọmọ wọn. Nígbà tí ọkọ̀ mì tó sì gbéra, gbogbo ẹrù sún sẹ́yìn, Abẹ́rẹ́ fẹ́ ṣubú. Okùn kan wà lókè orí rẹ̀ tí wọ́n fi di bẹ́ẹ̀dì. Kò rí àpótí gùn. Ó dúró díẹ̀. Ó na ọwọ́ sókè, ó nà án tán, ó di okùn náà mú. Ó tẹ́tí. Kò sí ohun tó já.

Oníbọ́tìnnì ló rí i láti ibi igbá rẹ̀, òun ló sì sọ ọ́ fún ìyá mi àgbà, tó máa ń ra òwú lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi àgbà ló fi lé mi lọ́wọ́, lọ́jọ́ tí mo ń sunkún pé ẹ̀wù mi ya. Bí mo ṣe bá a ni mo ṣe sọ ọ́ yìí, n kò fa á gùn, n kò gé e kúrú.